Kí Ló Ń Jẹ Táyà Tírélà Yín?

Bí táyà kan lára tírélà bá tètè jẹ ju àwọn yòókù lọ, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ a kàn sáré ra òmíràn. Kò ní pẹ́ tí èyí tuntun náà á fi jẹ síbi tí ti àkọ́kọ́ jẹ sí. Táyà kọ́ ló ṣẹ̀. Ohun tó gbé e dúró ló sábà máa ń jẹ ẹ́: bíárìn, ásùlù, sípíríìnì tàbí bíréèkì.

Awakọ̀ kì í tètè fura, torí sítíárìn tó dì mú kò kan àwọn táyà ẹ̀yìn. Tírélà alásùlù mẹ́ta sábà máa ń ní táyà 12. Bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, àwọn yòókù á ṣì máa gbé ẹrù náà lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin awakọ̀ tẹ́ ẹ máa ń yà sí Ògèrè lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ kọ́kọ́ yí ọkọ̀ yín ká kẹ́ ẹ tó wá oúnjẹ lọ.

Ooru ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ na ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ họ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kàn án, kó má baà jó yín. Gbogbo wọn ló máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́yìn ìrìn. Èyí tó bá gbóná ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú. Bí ooru bá pọ̀ jù láàárín họ́ọ̀bù, ẹ fura sí bíárìn: bóyá gírísì ti tán, bóyá wọ́n fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ dírọ́ọ̀mù ló gbóná jù, ó ṣeé ṣe kí bíréèkì ti há, kó máa fa táyà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi jáàkì gbé ásùlù, kẹ́ ẹ sì fi ohun tó lágbára gbè é lábẹ́. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ mì ín. Bó bá ń ṣe gbọ̀ngbọ̀n, bíárìn ti tú tàbí ó ti jẹ. Ẹ tú bíréèkì sílẹ̀, kẹ́ ẹ yí táyà. Bó bá ń dún gàrà-gàrà, ẹ má gbé ẹrù lé e mọ́.

Ojú táyà náà ń sọ̀rọ̀. Bí etí méjèèjì bá jẹ, afẹ́fẹ́ kò tó. Bí àárín bá jẹ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo, ásùlù lè ti tẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú rẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ rà á bọ̀: bó bá ń dán lápá kan tó sì mú bí ayùn lápá kejì, ásùlù ti yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Ẹ wọn láti kíńpíìnì, irin tó so tírélà mọ́ orí ọkọ̀, dé ìpẹ̀kun ásùlù iwájú lọ́tùn-ún àti lósì. Kò yẹ kí ìyàtọ̀ ju nǹkan bíi mílímítà 3 lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ wo bóyá bóòtì tó gba àárín sípíríìnì kọjá ti kán.

Bí ìpẹtà bá ń ṣàn jáde lábẹ́ nọ́ọ̀tì táyà, ó ti tú nìyẹn. Táyà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dè náà gbọ́dọ̀ gba sípánà lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn kìlómítà 80 sí 160. Ẹ má fi èyí ṣeré: táyà tó bá yọ kúrò lára tírélà lè pa ọlọ́kadà tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀.