Ikọ́ Ìgbà Ọyẹ́ àti Rọpárọsẹ̀

Láti Oṣù Ọ̀pẹ wọ Èrèlé, ọyẹ́ a máa gbé eruku Sàhárà wá bá eruku títì Àgbádárìgì àti èéfín jẹnẹrétọ̀ Alábà. Gbogbo Ìyànà-Ìbà a wá máa wúkọ́. Ohùn àwọn kọ́ńdọ́ tó ń pe èrò Ìgàndó a ha. Ó ti mọ́ wa lára débi pé a kì í kà á sí àìsàn.

Ẹlẹ́jẹ̀ ríru ò gbọdọ̀ fojú kéré ikọ́ yìí, torí rọpárọsẹ̀. Ní 2004, Liam Smeeth àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù yẹ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò. Kì í ṣe kàtá lásán ni wọ́n ń wá, bí kò ṣe òtútù àyà àti ikọ́ líle tó gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Láàárín ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, ewu rọpárọsẹ̀ tó ìlọ́po 3; lẹ́yìn náà ló ń dínkù díẹ̀díẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ò fa irú ewu bẹ́ẹ̀.

Bí ara bá ń bá kòkòrò àrùn jà, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ a wú, ẹ̀jẹ̀ a sì tètè dì. Iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti bà jẹ́ ló tètè ń dí; bó bá jẹ́ ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí náà ni ìwádìí SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn léwájú rẹ̀, pè ní olórí okùnfà rọpárọsẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà ní 2018.

Kẹ́mísì gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n á di oògùn oríṣiríṣi sínú ọ̀rá péńpé, láìbéèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ oníbàárà ń ru. Bẹ́ẹ̀, oògùn mìíràn tó ń la imú máa ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè. Bàbá tó wá ra oògùn á tún pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tì, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ po oògùn pọ̀.

Bí rọpárọsẹ̀ bá dé, tí ẹnu wọ́, tí apá ò gbé, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, ẹ má rọ omi, epo tàbí àgbo sí aláìsàn lẹ́nu. Ọ̀nà ọ̀fun lè ti rọ. Ohun tí ẹ rọ á gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, òtútù àyà á tún dé. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Ìkẹjà ni ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) wà, ẹ sì mọ gosiló wa; ẹ tètè gbéra. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, tí wọn kì í fún èèyàn láìya àwòrán ọpọlọ, kì í sábà kọjá wákàtí 4 àbọ̀ lẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí dókítà á fi kọ́kọ́ béèrè aago tí ara wọn dá gbẹ̀yìn.