Lẹ́tà ilé ìwòsàn kò mọ gbẹ̀gìrì: bí ẹ ṣe lè múra sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ìfun

Bí ẹ bá ti pé ẹni 50 ọdún ní England, tí ẹ kò tíì kọjá 74, tí ẹ sì ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò, NHS yóò máa fi páálí kékeré kan ránṣẹ́ sí yín nílé ní ọdún méjì-méjì. Ìgò kékeré tó ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ díẹ̀ ni ẹ ó fi igi náà mú, ẹ ó dé ìgò yẹn padà, ẹ ó sì fi í ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. FIT ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò náà. Ẹ̀jẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ló ń wá, torí pé ó lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ ìfun.

Bí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ni. Jẹ̀díjẹ̀dí náà lè fà á. Ṣùgbọ́n wọ́n á pè yín láti bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, wọ́n sì lè ní kí ẹ wá ṣe colonoscopy, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu gba ojú ihò ìdí wọlé láti wo ìfun ńlá. Bí wọ́n bá rí kókó kéékèèké tó lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú, wọ́n sábà máa ń yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Bí ìfun kò bá mọ́, kámẹ́rà kò ní rí nǹkan kan, wọ́n sì lè ní kí ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí ilé ìwòsàn fi ń fi ìwé ìtọ́sọ́nà ránṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wa wà: ìrẹsì funfun, búrẹ́dì funfun, ẹja, ẹyin àti adìyẹ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dárúkọ. Kò mọ ohun tó wà nínú ìkòkò wa.

Ohun tó ń wí ni pé kí ẹ yẹra fún oúnjẹ tó ní háhá, èèpo tàbí kóró fún ọjọ́ díẹ̀ kí àyẹ̀wò tó dé. Nínú oúnjẹ tiwa, ìyẹn kan ẹ̀fọ́ rírò, ilá, ẹ̀wà, gbẹ̀gìrì, àgbàdo, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, àti ata pẹ̀lú tòmátò tí èèpo àti kóró wọn ṣì wà níbẹ̀. Ní ti ẹ̀bà, iṣu àti àmàlà, ẹ pe nọ́ọ̀sì kí ẹ béèrè. Abèèrè kì í ṣìnà.

Nígbà tó bá kù díẹ̀, ohun mímu tó mọ́ gaara nìkan ni wọ́n máa ń gbà láàyè: omi, tíì tí kò ní mílíìkì, omi ẹran tí wọ́n sẹ́. Ẹ má mu zóbò, torí ohun mímu pupa lè dà bí ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun. Èyí kì í ṣe ààwẹ̀ gbígbẹ bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti Ràmàdáánì. Ẹ nílò omi dáadáa, nítorí oògùn ìyàgbẹ́ tí wọ́n máa fún yín, bíi Moviprep tàbí Plenvu, máa ń fa omi jáde lára. Àkókò tí ilé ìwòsàn kọ fún yín ni kí ẹ lò ó, kí ẹ má sì jìnnà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Oògùn tí ẹ ń lò

Oògùn tó ń fún ara ní irin ni wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ dá dúró ní ọjọ́ 7 ṣáájú. Bí ẹ bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, tàbí èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, ẹ pe nọ́mbà tó wà lórí lẹ́tà náà ní kíákíá. Ẹ má fúnra yín dá a dúró. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ ọ́. Kò sí ẹni tó máa bá yín jà.

Bí wọ́n bá fún yín ní oògùn tó ń mú ara rọ̀, ẹni tó ti dàgbà gbọ́dọ̀ mú yín lọ sílé, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ fún wákàtí 24.

Ẹ béèrè fún ògbufọ̀

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ọmọ ló ń ka lẹ́tà. Èmi náà ń kà á fún àwọn òbí mi láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Kíka lẹ́tà kò burú, ṣùgbọ́n kí ọmọ máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà yàtọ̀. Ojú lè ti ọmọ láti bi ìyá rẹ̀ nípa ìgbẹ́, ẹ̀rù sì lè mú kó fo ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ. NHS ń pèsè ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, títí kan ti Yorùbá. Kí ẹ ti sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń dá ọjọ́ fún yín, kí wọ́n lè rí i ṣètò.

Bí ọjọ́ náà kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ pè wọ́n kí wọ́n yí i padà. Nínú àwọn tí wọ́n tètè rí jẹjẹrẹ ìfun lára wọn ní ìpele àkọ́kọ́, ó lé ní 9 nínú 10 tó ń wà láàyè fún ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sì ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí ìgbọ̀nsẹ̀ yín ti yí padà fún ọ̀sẹ̀ 3, tàbí tí ẹ ń rù láìnídìí, ẹ má dúró de páálí kankan. Ẹ lọ rí dókítà yín, kódà bí ẹ kò bá tíì pé 50.