Igbó ìjọba: ta ló ń ṣọ́ ọ, ta ló ń tà á?

Pákó tí káfíńtà fi ń kan òrùlé ní Ìpọ̀nrí, Oko Bàbá l'Ẹ́bùté-Mẹ́ta ni wọ́n ti sábà máa ń rà á tẹ́lẹ̀. Orí ọ̀sà ni ọ̀pọ̀ gẹdú tí wọ́n là níbẹ̀ nígbà náà gbà dé láti ìhà Ògùn àti Oǹdó. Bí ẹ bá wo ìdí gẹdú mìíràn dáadáa, ẹ ó rí àmì tí wọ́n fi òòlù irin lù sí i: ìjọba ti gba owó tirẹ̀ nìyẹn. Wọn ò tìtorí kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan igi dá igbó ìjọba sílẹ̀. Kí igi má bàa tán lọ́jà ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀.

Olókèméjì, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, lọ́dún 1899. Lọ́dún 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó pín ilẹ̀ kan níbẹ̀ sọ́nà mẹ́ta láti fi dán iná wò. Wọ́n ń dáná sun ọ̀kan lọ́dọọdún nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, tí koríko ti gbẹ táútáú. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sun èkejì, nígbà tí ewé ṣì tutù díẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta rárá. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún 28, èyí tí iná ò dé ti di igbó dídí. Èyí tí wọ́n ń sun kẹ́yìn ṣì jẹ́ ọ̀dàn, koríko ló gba ibẹ̀ kan. Èyí tí wọ́n ń tètè sun bọ́ sí àárín méjèèjì. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ló ń rọ̀ sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sun igbó lóṣù Kẹta nítorí òkété, ẹ gbọ́ o.

Igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1925, fẹ̀ tó hẹ́kítà 130,000. Àwọn olóko kòkó ti tẹ abúlé dó sínú rẹ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ gé igi àbáláyé kúrò lápá ibi tó pọ̀, ó gbin gmelina rọ́pò nítorí ilé iṣẹ́ pépà ní Ìwópin. Gmelina ń yára dàgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n oko nìyẹn, kì í ṣe igbó. Síbẹ̀, erin ṣì ń gbé ní Omo. Hẹ́kítà 460 kan wà níbẹ̀ tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má gé igi, òun sì ni UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1977.

Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń ta igi inú igbó wọ̀nyí, òun náà ló sì ń sanwó fún aṣọ́gbó. Báwo ni aṣọ́gbó ṣe fẹ́ mú ọ̀gá rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo igbó òrìṣà tí èèwọ̀ ń ṣọ́: Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kò ju hẹ́kítà 75 lọ, ìlú sì yí i ká. Èèwọ̀ ni kéèyàn dẹ ọdẹ níbẹ̀, kó pẹja tàbí kó gégi. Èèwọ̀ yẹn de ará ìlú, àmọ́ kò dá ìjọba dúró: láyé òyìnbó, ẹ̀ka tó ń rí sí oko àti igbó gé igi níbẹ̀, wọ́n sì gbin tíìkì. Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà ló kò wọ́n lójú. Lọ́dún 1965 ni ìjọba àpapọ̀ wá fi òfin gbe òrìṣà lẹ́yìn, tí apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè.