Ìdí Tí Àwọn Aláboyún Kan Fi Ń Kọ Àyẹ̀wò Àtọ̀gbẹ Inú Oyún

Àtọ̀gbẹ inú oyún ni kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga ju bó ti yẹ lọ, kí a sì kọ́kọ́ rí i nígbà oyún. Àwọn èròjà tí ibi ọmọ ń tú sínú ara ìyá ni kì í jẹ́ kí ínsúlínì ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó lè mú kí ọmọ tóbi jù, kí ìrọbí nira, kí ẹ̀jẹ̀ ìyá ru, kí ṣúgà ọmọ sì já wálẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in kì í mọ̀ ọ́n lára.

Orúkọ àrùn náà pàápàá dá kún ìṣòro yìí. Àtọ̀gbẹ ń sọ nípa ẹni tó ń tọ̀ títí tó fi gbẹ. Aláboyún tó ń sanra sí i kò lè rí ara rẹ̀ nínú orúkọ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn gbà pé àwọn ti ṣe àyẹ̀wò náà, torí pé a ti yẹ ìtọ̀ wọn wò. Àyẹ̀wò ìtọ̀ kò tó: ṣúgà lè hàn nínú ìtọ̀ ẹni tí kò ní àrùn náà, ó sì lè má hàn nínú ti ẹni tó ní in.

Àyẹ̀wò gan-an kò rọrùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 ni a sábà máa ń ṣe é. Obìnrin yóò sùn láìjẹun, a ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀, yóò mu omi tí a po gíráàmù glúkóòsì 75 mọ́, a ó sì tún gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan àti lẹ́yìn wákàtí méjì. Èébì máa ń gbé àwọn kan bí wọ́n bá mu ún. Ní Nàìjíríà, àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń san owó ìtọ́jú, ìyá ọlọ́jà sì lè pàdánù èrè ọjọ́ kan pẹ̀lú. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ abẹ ni èsì yóò yọrí sí. “Kì í ṣe ìpín mi” ni èsì àwọn kan, nítorí lójú wọn, ẹni tó wá àrùn ni ó pè é. Ọmọ rọ̀bọ̀tọ̀ sì rèé, ayọ̀ ni láàárín ẹbí, kì í ṣe ewu.

Ohun tí òṣìṣẹ́ ìlera lè ṣe

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìdí. Ẹni tí owó ń dí lọ́wọ́ kò nílò ìwàásù nípa ìwọ̀n ọmọ. Ẹni tó ń bẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ní láti gbọ́ pé àtúnṣe oúnjẹ àti ìrìn ẹsẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, pé èyí tó fún ọ̀pọ̀ wọn, àti pé ínsúlínì wà fún àwọn tí kò bá tó fún. Fún ẹni tí kò lè mu omi náà, ẹ má ṣe dá a padà lásán. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2013, bí ṣúgà àárọ̀ kí ó tó jẹun bá wà láàárín 5.1 sí 6.9 mmol/L, àtọ̀gbẹ inú oyún ni. Bí ó bá sì kéré sí èyí, kò tíì fi hàn pé kò ní in.

Obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ẹ kọ ìdí rẹ̀ sínú káàdì, ẹ má dín ìtọ́jú rẹ̀ kù, kí ẹ sì tún bi í nígbà tó bá padà wá. Bí ọ̀sẹ̀ 28 bá ti kọjá, a ṣì lè ṣe é.