Ẹni Tí Ń Bọ́ni, Ó Yẹ Kí Òun Náà Jẹun: Ètò Ìpàgọ́ fún Àwọn Olórí Akẹ́kọ̀ọ́ Onígbàgbọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jẹ́ olórí ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wí gan-an. Àwọn ni wọ́n ń darí àdúrà, àwọn ni wọ́n ń kó akọrin jọ, àwọn náà ni wọ́n ń bẹ aláìsàn wò, tí wọ́n sì ń wá owó tí a ó fi háyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n ní Ààrẹ, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan bi wọ́n léèrè pé, "Báwo ni ìwọ fúnra rẹ àti Ọlọ́run ti ń ṣe sí?"

Ìbéèrè yìí ni ìpàgọ́ àwọn olórí, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní rìtíríìtì, wà fún. Bí a kò bá sì ṣọ́ra nígbà tí a bá ń ṣètò rẹ̀, ìbéèrè náà gan-an ni a óò gbàgbé.

Ẹni tó bá mọ òpópónà Siluko ní ìlú Bìní yóò mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń rí he níbẹ̀. Ariwo ọjà Oliha ń lọ lọ́tùn-ún, fèrè ọkọ̀ ń dún lósì, orin ìsìn sì ń jáde láti inú ilé ìjọsìn kan dé èkejì. Oliha tí ọjà náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni olórí àwọn Uzama, àwọn afọbajẹ Bìní. Ìtàn ìbílẹ̀ sì sọ pé Oliha ìgbà ìwáṣẹ̀ wà lára àwọn tó ránṣẹ́ sí Ifẹ̀, tí Ọ̀rànmíyàn fi wá sí Bìní. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀ kò ṣe àjèjì pátápátá. Síbẹ̀, ọ̀dọ́ tó fi Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ sílẹ̀ wá kàwé ní Bìní ti jìnnà sí ìyá tó ń jí i fún àdúrà òwúrọ̀ àti sí bàbá tó ń bi í pé ṣé ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ìwé kejì tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Tímótíù, ó rántí ìgbàgbọ́ tó kọ́kọ́ wà nínú Lóísì, ìyá ìyá rẹ̀, àti nínú Yùníìsì, ìyá rẹ̀, kí ó tó sọ pé ó dá òun lójú pé ó wà nínú òun náà. Ogún ni ìgbàgbọ́ ilé, ogún rere sì ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ yóò jókòó nínú yàrá àjèjì, tí kò ní sí ẹni tí yóò jí i. Ohun tó bá ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni yóò fi hàn bí ogún náà ti di tirẹ̀.

Ìtàn ilẹ̀ wa fi hàn pé ohun ńlá lè ti inú ìpàdé kékeré jáde. Ní 1961 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ tí à ń pè ní IVCU sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1968 ni NIFES, tó so irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀. Ní 1973, William Kumuyi, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ilé rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò ní pápá ìṣeré tó kún fọ́fọ́ nígbà ìbẹ̀rẹ̀. Bíbélì àti ìjókòó ni wọ́n ní.

Bìní fúnra rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ láti kọ́ ọmọ Yorùbá. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, awakọ̀ katakata tí a fi ń tẹ ọ̀nà, gbọ́ ìpè rẹ̀ ní 1928 lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn ìsọjí ńlá ti Iléṣà ní 1930, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún un ní 1932, ìlú Bìní ló sì ti ṣe é. Kò sí akọrin nínú ẹ̀wọ̀n, kò sì sí èrò tí ń ṣe àmín. Ohun tó wà nínú ènìyàn nìkan ni í bá a wọ irú ibẹ̀.

Báwo wá ni kí a ti ṣètò ìpàgọ́ náà? Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni ó yẹ kí ìgbìmọ̀ ènìyàn márùn-ún ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí wọ́n yan àkókò tí kò sí ìdánwò, kí wọ́n sì pe àwọn olórí tó ń lọ àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pọ̀. Ogún ènìyàn tàbí ọgbọ̀n tó. Ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní ìsinmi, tó jìnnà díẹ̀ sí ìgboro, dára, bí omi bá wà, bí ibùsùn obìnrin bá wà lọ́tọ̀, bí ẹni tó mọ ìtọ́jú àkọ́kọ́ bá sì wà níbẹ̀. Kí a kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn òbí. Nítorí àwọn ajínigbé, ojú ọ̀sán ni kí a lọ, ojú ọ̀sán náà ni kí a bọ̀. Kí a ṣírò owó kí a tó kéde, kí àìlówó má sì dá ẹnikẹ́ni dúró sílé.

Ní ti ètò ojoojúmọ́, kí wákàtí kan wà láàárọ̀ tí oníkálukú yóò dá wà pẹ̀lú Bíbélì àti ìwé ìkọ̀wé, láìsí fóònù. Kí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tẹ̀lé e, kí wọ́n jíròrò ní márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n sì sùn lọ́sàn-án. Ìhìnrere Máàkù sọ pé nígbà tí àwọn àpọ́sítélì kò tilẹ̀ ráyè jẹun mọ́, Jésù ní kí wọ́n wá sí ibi tó dá, kí wọ́n sinmi díẹ̀. Ètò tó kún fún oníwàásù mẹ́fà àti àìsùn lójoojúmọ́ yóò rán àwọn olórí padà sílé pẹ̀lú àárẹ̀ ju èyí tí wọ́n gbé wá lọ.

Kí a má sì fi ipá mú ẹnikẹ́ni jẹ́wọ́ ní gbangba. Bí ọ̀dọ́ kan bá sọ fún àgbà pé àdúrà ti gbẹ lẹ́nu òun, tàbí pé iyèméjì ń da òun láàmú, kí àgbà náà gbọ́ ọ tán, kí ó sì pa á mọ́. Bí ó bá jẹ́ àìsàn ọkàn ni, kí a mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí olórí kan bá sì fẹ́ gbé ẹrù náà kalẹ̀ fún sáà kan, kò yẹ kí ojú tì í. Kí wọ́n tó túká, kí a pín wọn ní méjì méjì tí yóò máa bi ara wọn léèrè àlàáfíà, kí gbogbo wọn sì tún pàdé lẹ́yìn oṣù kan.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà lẹ́yìn odi, bí ọmọ yín bá bèèrè owó ìpàgọ́, ẹ bi í pé níbo ni, pẹ̀lú ta ni, ọjọ́ wo ni wọn yóò sì dé. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fún un, kí ẹ sì bá a gbàdúrà. Nígbà tó bá dé, ẹ má wulẹ̀ bi í pé èrò mélòó ló wá. Ẹ bi í bí ọkàn rẹ̀ ti rí, kí ẹ sì ráyè gbọ́ èsì rẹ̀.