Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ya yín ní X-ray? Bí ìwé àṣẹ oníwọ̀nba ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà

Bí ọmọ yín bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní Houston tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ má gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá rárá. Ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí ilé ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń sáré lọ. Ẹnì kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ yóò ní kí ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì, yóò bọ́ sẹ́yìn ògiri, yóò tẹ bọ́tìnnì, kí ẹ sì tó mọ̀, àwòrán egungun ti yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé radiographer tó kàwé gboyè ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Nígbà mìíràn, òun náà ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbà láyè láti ya ẹ̀yà ara kan tàbí méjì péré ni. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹni tó ya ọmọ lè máà ní ìwé àṣẹ kankan lọ́wọ́, kí òfin má sì rí i mú.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìlera ní Amẹ́ríkà ti ń jiyàn lórí ìwé àṣẹ oníwọ̀nba yìí. Àwọn kan ní ó ń dín iyì iṣẹ́ kù, àwọn kan ní òun ló ń jẹ́ kí ìtọ́jú dé ìgbèríko. Èrò tiwa ni pé kíkéré tí ìwé àṣẹ kéré kọ́ ni ewu. Ibi tí wọn kò bá ti pààlà fún iṣẹ́, tàbí tí wọ́n pààlà tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ibẹ̀ ni ewu wà.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìwé àṣẹ oníwọ̀nba?

Radiographer tó gboyè ní Amẹ́ríkà máa ń kàwé fún ó kéré tán ọdún méjì, yóò sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ilé ìwòsàn kó tó jókòó fún ìdánwò àjọ American Registry of Radiologic Technologists, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ARRT. Ọdún 1922 ni wọ́n dá àjọ náà sílẹ̀. Láti ọdún 2015, ẹni tí kò bá ní oyè ilé ẹ̀kọ́ gíga kò lè gba ìwé ẹ̀rí wọn mọ́.

Ẹni tó fẹ́ ìwé àṣẹ oníwọ̀nba kì í lo àkókò tó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tirẹ̀ dá lórí ẹ̀yà ara tó fẹ́ máa yà nìkan. Ó dà bí ìwé àṣẹ ọkọ̀: ẹni tí wọ́n fún ní ti ọ̀kadà kò gbọdọ̀ jókòó sídìí tírélà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà.

Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Ní California, "limited permit X-ray technician" ni. Ní Texas, "limited medical radiologic technologist". Ní Florida, "basic X-ray machine operator". Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí lára káàdì tó fi kọ́ àyà, ẹ mọ̀ pé irú òṣìṣẹ́ tí à ń sọ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń lo ìdánwò tí ARRT ṣètò fún wọn. Apá àkọ́kọ́, tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ṣe, ní ìbéèrè 100. Ó dá lórí bí a ṣe ń dáàbò bo aláìsàn lọ́wọ́ ìtànṣán, bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, bí àwòrán ṣe ń jáde àti bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn. Lẹ́yìn náà ni kóówá yóò mú apá tó bá tirẹ̀ mu: àyà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, agbárí àti ihò inú egungun ojú, egungun ẹ̀yìn, tàbí láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan, èyí tó wà fún àwọn tó ń bá dókítà ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́. ARRT kì í fún àwọn wọ̀nyí ní ìwé ẹ̀rí. Yóò kàn fi èsì ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ ni. Ìpínlẹ̀ ló ń sọ iye máàkì tó tó, òun náà ló sì ń fúnni ní ìwé àṣẹ.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò sí nínú ìwé àṣẹ yìí. CT, ìyẹn X-ray tó ń ya inú ara ní abala abala, kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fluoroscopy, ìyẹn X-ray tó ń fi ara hàn bó ṣe ń mira lọ́wọ́. Yíya ọyàn láti fi wá jẹjẹrẹ tún ní òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní 1992 ló sọ irú ẹ̀kọ́ tí ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ ní, ní gbogbo ìpínlẹ̀ pátá.

Ṣé bọ́tìnnì kan náà kọ́ ni?

Ẹni tó bá ń wò láti òkèèrè lè rò pé bí èèyàn bá ti lè ya ọwọ́, ó ti lè ya gbogbo ara nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wo X-ray àyà nìkan, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí iṣẹ́ tó rọrùn jù.

Aláìsàn yóò dojú kọ pátákó, yóò gbé àgbọ̀n sókè. Yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ìbàdí, yóò wá ti èjìká méjèèjì síwájú. Bí kò bá ti èjìká síwájú, egungun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká yóò bo ẹ̀dọ̀fóró mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jìnnà tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 180, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 100 ló tó fún ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara mìíràn. Bí ẹ̀rọ bá sún mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ọkàn aláìsàn yóò hàn bíi pé ó wú. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ní kí aláìsàn mí sínú dáadáa, kó sì dá èémí dúró. Bí kò bá mí sínú tó, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró yóò ṣùpọ̀, dókítà sì lè rò pé àìsàn ló wà níbẹ̀. Báyìí ni aláìsàn ṣe lè bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn àìsàn tí kò ṣe é, nítorí pé ẹni tó yà á kò sọ fún un pé kó mí.

Ọ̀rọ̀ ìtànṣán tún wà níbẹ̀. Millisievert ni wọ́n fi ń wọn iye tó wọ ara. X-ray ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan máa ń tó nǹkan bí 0.001. Ti àyà tó nǹkan bí 0.1. Ti egungun ẹ̀yìn, níbi ìbàdí, máa ń tó 1.5, ìyẹn ìlọ́po 15 ti àyà, nítorí ara nípọn níbẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń yà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìtànṣán tó ń ti inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ojú ọ̀run wọ ara ẹnì kan ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún kan tó nǹkan bí 3. Èyí fi hàn pé X-ray ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ohun tó yẹ kó dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá wá yà á tì, tí wọ́n tún un yà, tí wọ́n sì tún un yà lẹ́ẹ̀kẹta nítorí pé òṣìṣẹ́ kò mọ bí aláìsàn ṣe yẹ kó dùbúlẹ̀, ìtànṣán tí kò ṣe aláìsàn láǹfààní kankan ló kó sí i lára. Àwọn ọmọdé ni ó sì lè pa lára jù.

Ìdí nìyí tí àwọn ìpínlẹ̀ tó ronú jinlẹ̀ fi pín ara sí abala abala nínú ìwé àṣẹ.

Ẹ̀rọ òde òní ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀

Nígbà tó jẹ́ pé fíìmù ni wọ́n ń lò, àṣìṣe kì í pẹ́ hàn. Bí ìtànṣán bá pọ̀ jù, fíìmù á dúdú kọjá ààlà. Lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń gba àwòrán, ó sì máa ń tún un ṣe fúnra rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá lo ìtànṣán ìlọ́po méjì èyí tó yẹ, àwòrán yóò ṣì dára, yóò tiẹ̀ lè mọ́ ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Bó bá lo èyí tó kéré jù, àwòrán yóò rí wínníwínní, wọn yóò sì bá a wí. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń fi díẹ̀ díẹ̀ kún un lójoojúmọ́, tí dókítà kò sì mọ̀. Nọ́ńbà kan wà tí ẹ̀rọ máa ń gbé jáde pẹ̀lú àwòrán kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ iye ìtànṣán tó dé ojú pátákó. Ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló mọ̀ pé ó yẹ kóun wò ó, òun náà ló sì mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ìmọ̀ náà kò sì dúró sójú kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n máa ń fi òjé bo abẹ́ aláìsàn àti ikùn aláboyún. Ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ físíìsì ìṣègùn ní Amẹ́ríkà sọ pé kí wọ́n jáwọ́ nínú fífi í ṣe àṣà, nítorí àǹfààní rẹ̀ kéré, ó sì lè bo ohun tí dókítà ń wá mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì wá tún un yà. Radiographer tó ní ìwé ẹ̀rí ARRT gbọ́dọ̀ kó wákàtí ẹ̀kọ́ 24 jọ ní gbogbo ọdún méjì méjì. Fún àwọn oníwọ̀nba, ohun tí ìpínlẹ̀ wọn bá sọ labẹ gé.

Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ òfin yìí

Ní November 1895 ni Wilhelm Röntgen ṣàwárí X-ray ní ìlú Würzburg, ní Jámánì. Kò pẹ́ tí iná ìtànṣán fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó àwọn tó ń fi ṣiṣẹ́. Clarence Dally, tó ń bá Thomas Edison ṣiṣẹ́ ní New Jersey, máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán ẹ̀rọ wò. Ọwọ́ náà jóná, ó di jẹjẹrẹ, wọ́n gé apá rẹ̀ méjèèjì, ó sì kú ní 1904. Edison fúnra rẹ̀ pa iṣẹ́ X-ray tì nítorí ohun tó ṣe Dally.

Síbẹ̀, ọdún 1981 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ṣe òfin lórí irú ẹ̀kọ́ tó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ X-ray ní. Òfin náà ní kí ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi dandan lé e. Ìpínlẹ̀ tó bá wù ú kó gbà á, èyí tí kò bá wù ú kó fi sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni kálukú ti ń ṣe tirẹ̀. Ní California, dókítà pàápàá kò lè ṣe alábòójútó X-ray láìgba ìwé àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Texas, wọ́n gbà kí àwọn kan tí kò ní ìwé àṣẹ máa ya X-ray lábẹ́ dókítà bí wọ́n bá ti gba ẹ̀kọ́ tí orúkọ wọn sì wà nínú ìwé ìjọba, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ tí ìlànà kà sí eléwu. Ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kò sí ìlànà tó jọ èyí rárá.

Ohun tí ẹgbẹ́ méjèèjì ń sọ

Àwọn tó fara mọ́ ìwé àṣẹ oníwọ̀nba ní ẹjọ́ gidi láti rò. Ní ìgbèríko, dókítà kan ṣoṣo lè wà fún ìlú mẹ́ta. Radiographer tó gboyè kò ní fi ilé ìwòsàn ńlá sílẹ̀ wá ya àwòrán mẹ́rin lóòjọ́ níbẹ̀. Bí kò bá sí oníwọ̀nba, aláìsàn yóò wakọ̀ fún wákàtí méjì kó tó mọ̀ bóyá egungun òun ti kán.

Ẹgbẹ́ àwọn radiographer, ASRT, ń sọ pé aláìsàn tó wà ní ìgbèríko kò yẹ kó gba ìtọ́jú tó rẹlẹ̀ ju ti ará ìlú ńlá lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti ti àbá òfin lẹ́yìn nílé aṣòfin, pé kí ìlànà ẹ̀kọ́ di dandan ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Àbá náà kò tíì di òfin.

Òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò yẹ kó mú àríyànjiyàn wá. Ìpínlẹ̀ tó sọ pé "àyà nìkan ni kí o yà", tó dán ọ wò lórí rẹ̀, tó sì lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ bí o bá ré ààlà kọjá, ó sàn fíìfíì ju ìpínlẹ̀ tí kò sọ ohunkóhun lọ. Òfin yíya ọyàn ti 1992 sì ti fi hàn pé ìjọba àpapọ̀ lè fi dandan lé ìlànà bó bá fẹ́. Kò sí ìdí tí egungun ẹ̀yìn kò fi ní jẹ irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn radiographer sílẹ̀, RRBN, ti wà láti 1987, ọdún márùn-ún ní yunifásítì àti ọdún kan tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá ni wọ́n ń béèrè. Àjọ NNRA ló ń bójú tó ìtànṣán àti àwọn ẹ̀rọ tó ń mú un jáde. Ọ̀tọ̀ ni àṣẹ ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ ni àṣẹ èèyàn. Ilé ìwòsàn tó bá ní ọ̀kan tí kò ní èkejì kò tíì pé.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ní Texas tàbí ní Èkó, ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ya yín: Irú ìwé àṣẹ wo lẹ ní? Ṣé ẹ̀yà ara tẹ́ ẹ fẹ́ yà yìí wà nínú rẹ̀? Bí ẹ bá lóyún tàbí tí ẹ rò pé ẹ lóyún, ẹ tètè sọ. Bí wọ́n bá fẹ́ tún un yà, ẹ béèrè ìdí. Òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Abèèrè kì í ṣìnà, ara yín sì ni ìtànṣán náà ń wọ̀.