Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Tí Ń Dún

Bí awakọ̀ píkọ́ọ̀pù bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi ń dún." Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì tó. Oríkèé tí ó wà ní ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ ju mẹ́wàá lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní bí ó ti ń ké nígbà tí ó bá gbó. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe lè fi etí àti ọwọ́ mọ èyí tí ń ké, kí a má baà náwó lórí èyí tí kò ṣe nǹkan kan.

Ọ̀nà tí ó so ìlú méjèèjì pọ̀ lé díẹ̀ ní kìlómítà 50. Kì í ṣe òun gan-an ni ó ń ba ẹsẹ̀ ọkọ̀ jẹ́ jù, bí kò ṣe àwọn ọ̀nà oko tí ó yà kúrò lára rẹ̀, níbi tí píkọ́ọ̀pù ti ń ru ẹ̀gẹ́, káṣú àti máńgòrò gba inú gálọ́ọ̀pù kọjá. Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù, tí ó jáde ní 1979, dúró lórí ṣọ́ọ̀kì tí sípírìn yí ká, ìlànà tí Earle MacPherson, onímọ̀-ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ṣáájú 1950. Toyota Hilux tí ó ń jáde láti 2005 ní irin apá méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí yóò wúlò fún wa láìpẹ́.

Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó mọ ohùn í pè. Awakọ̀ tí ó bá lè sọ pé ó ń han wìn-ìn, tàbí pé ó ń kàn kọ́-kọ́-kọ́, tàbí pé ó ń kùn bí oyin, ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún mẹkáníìkì.

Èyí tí ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, rọ́bà búṣì ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Nígbà ọyẹ́, erùpẹ̀ pupa a wọ ibẹ̀, a sì gbẹ mọ́ ọn. Kí ẹnì kan máa tẹ iwájú ọkọ̀ wálẹ̀, kí ẹlòmíràn máa da omi díẹ̀ sí búṣì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá dákẹ́ nígbà tí omi kàn án ni a ń wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi epo ẹ́ńjìnnì pa á. Ariwo lè lọ fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n epo a mú kí rọ́bà wú, kí ó sì rọ̀ dànù.

Ní ti kọ́-kọ́-kọ́, kí a kọ́kọ́ wo nọ́ọ̀tì táyà bóyá ó tú. Ó yà mí lẹ́nu bí a ti máa ń gbàgbé èyí. Lẹ́yìn náà, kí a rọra wa ọkọ̀ gun bọ́ǹpù kí táyà iwájú méjèèjì gùn ún pọ̀, kí a sì tún gùn ún ní ìdábùú, kí ọ̀kan ṣáájú èkejì. Bí ó bá dákẹ́ nígbà àkọ́kọ́ tí ó sì dún nígbà kejì, irin tí ó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì ni kí a yẹ̀ wò pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀, nítorí pé irin náà kì í lọ́ àfi bí ẹsẹ̀ kan bá ga ju èkejì.

Bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fojú kéré. Bí ó bá já lórí eré, táyà a ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdarí ọkọ̀ a sì bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀, pẹ̀lú àwọn tí ó jókòó lórí ẹrù lẹ́yìn. Láti dán an wò, kí a fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, kí a sì fi jáàkì gbé iwájú. Ti 504, abẹ́ ara ọkọ̀ ni a ó ti gbé e, kí ẹsẹ̀ rọ̀. Ti Hilux, abẹ́ apá ìsàlẹ̀ ni, nítorí pé sípírìn jókòó lé e; bí a bá jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀, agbára sípírìn a fún oríkèé náà pọ̀, èyí tí ó ti jẹ tán a sì dà bí tuntun. Kí a wá di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí a mì ín. Bí ó bá mì, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì. Bí mímì náà bá dúró, béárìn ni. Bí kò bá dúró, bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì ni. Èyí tí ó bá mì nígbà tí a dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì nìkan, táírọ́ọ̀dù ni ó sábà máa ń jẹ́.

Béárìn a tún máa fi ara rẹ̀ hàn lójú ọ̀nà. Ìkùn rẹ̀ a máa pọ̀ sí i bí eré ti ń pọ̀. Bí a bá rọra darí ọkọ̀ sí òsì, ẹrù a tẹ̀ sí ọ̀tún. Bí ìkùn bá le sí i nígbà náà, ti ọ̀tún ni.

Bí a bá ti pààrọ̀ táírọ́ọ̀dù tàbí bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì, kí a gbé ọkọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń to táyà kí ó dọ́gba ní ọjọ́ náà gan-an, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, táyà a máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.